Ẹ Má Kọrin Lábẹ́ Gílísíìnì Yẹn

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù Kẹrin

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Òjò ń kán tín-ín-tín láti àárọ̀. Régis fi ọkọ̀ gbé mi dé ẹnu géètì, ó ní ṣé kí òun bá mi wọlé. Mo bi í pé ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló fẹ́ níyàwó ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Ìgbà tó lọ tán ni mo tó rí i pé mi ò lè gbé ẹsẹ̀.

Ọdún méjì rèé tí mo ti wà nínú ọgbà òdòdó Bàbá Varoquier, ayàwòrán tó ti kú tipẹ́, kẹ́yìn, orí ibùsùn tí àwọn panápaná fi ń gbé aláìsàn ni mo sì wà nígbà tí mo jáde. Òdòdó ń já lé mi lójú bí wọ́n ṣe ń gbé mi lọ. Mo rántí ìyẹn ju ìrora lọ.

Firmin ló wá fà mí wọlé.

"Ghislaine! Wọ́n ní irin ni wọ́n fi tún ìbàdí ẹ ṣe. Ṣé kì í pariwo tó o bá dé pápákọ̀ òfuurufú?"

"Tí mo bá sún mọ́ òpònú ló máa ń pariwo. Bọ̀dá Firmin, ẹ ò gbọ́ ọ báyìí?"

Ọkùnrin yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún, inú ọgbà yìí ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, kò tíì sọ gbólóhùn kan tí ò ní yẹ̀yẹ́ nínú rí. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú.

Ọ̀gá Anquetil, olórí àwa ológbà, ní ilẹ̀ ni iṣẹ́ mi máa wà lọ́dún yìí: kí n máa tu koríko, kí n máa já orí òdòdó tulípì tó bá ti rọ. "Kò sí àkàbà fún yín o, Màdáámù Lecoustey." Mo dúpẹ́. Ṣe ló dà bíi pé wọ́n dá mi sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ìgbà tí mo délé ni ìtìjú ìdùnnú yẹn wá mú mi.

Mi ò dé ìdí gílísíìnì, igi olódòdó tó ń fà bí àjàrà, tó jẹ́ tèmi láti máa gé.

Ọjọ́rú, 22

Mo dé ìdí ẹ̀ lónìí.

Ọdún méjì! Kò sẹ́ni tó gé ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo máa ń gé e, mo máa ń fá a lórí bí ọmọ iléèwé. Ní báyìí ó ti bo gbogbo àtíbàbà irin náà, láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná Bàbá títí dé etí adágún. Ẹ̀ka tó jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà yẹn ti nípọn bí apá mi. Wọ́n lọ́ mọ́ irin, wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n ń na ọwọ́ sí òrùlé. Gbogbo ara ẹ̀ kún fún ìrudi. Ó máa tanná lọ́dún yìí bí kò ṣe tanná rí.

Mo lọ bá Firmin níbi tó ti ń so igi píà ẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ta ló ń gé gílísíìnì nígbà tí mi ò sí?"

"Ta ló máa gé e? Ṣe bí tìẹ ni."

"Fún odidi ọdún méjì?"

"A tọ́jú ẹ̀ dè ẹ́ ni. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbà fún oṣù díẹ̀ fẹ́ fi ayùn kàn án, mo bá a wí títí ó fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ igi."

Ó ń wò mí bí ẹni tó fún èèyàn lẹ́bùn tó ń retí kí wọ́n tú u wò. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é láti ayé Bàbá Varoquier: igi kọ̀ọ̀kan lẹ́ni tó ni ín, ẹni tó ni ín nìkan ló ń gé e. Bó bá jẹ́ Firmin ló dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, èmi náà ò ní fọwọ́ kan píà ẹ̀. Mo dì mọ́ ọn. Ó ń rùn tábà àti ọṣẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Tulípì rọ tán. Ìbàdí ń ro mí. Mo ní láti gba ìdí gílísíìnì kọjá tí mo bá ń lọ síbi omi, àmọ́ ẹ̀yìn ilé ni mo ń gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún

Ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́. Régis ra òdòdó lílì kékeré àárín igbó fún mi lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń tà á létí ọ̀nà, pé kí ọdún san mí. Yúrò mẹ́ta fún ọ̀pá kan ṣoṣo! Mo ní inú igbó tó wà lẹ́yìn ilé wa ló hù sí, ó ní ti ẹ̀yìn ilé wa kì í mú oríire wá nítorí a ò sanwó ẹ̀.

Bá a ṣe ń jẹ ewébẹ̀ rádíìṣì pẹ̀lú bọ́tà ló sọ ọ́. Inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ẹgbẹ́ akọrin abúlé ló máa kọrin lọ́jọ́ ìrántí Bàbá Varoquier lọ́dún yìí, Ọjọ́ Àìkú ọjọ́ kẹtàdínlógún. Abẹ́ gílísíìnì ni wọ́n máa dúró sí, létí adágún, nítorí pé ibẹ̀ lòdòdó ti máa ń pọ̀ jù. Gbogbo wọn, àwọn bí ogún. Òun àti àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ máa wà lẹ́yìn, ní ìdí òpó tó kángun sí omi.

Ìdí òpó yẹn ni wọ́n ti gbé mi nílẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa." Mo dìde, mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ọjọ́rú, 6

Gílísíìnì ti là. Ẹni tí ò bá rí i ò lè gbà á gbọ́. Lánàá, ewé àti ìrudi ni. Lónìí, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan da aró elésè-àlùkò láti òkè, tí aró náà wá dúró láàárín òfuurufú tí ò balẹ̀. Òdòdó ń rọ̀ sílẹ̀ ní ìdì-ìdì bí èso àjàrà, àwọn míì gùn tó apá mi, wọ́n ń kan orí àwọn àlejò. Òórùn ẹ̀ ń dé ojú títì. Àwọn tó wá láti ìlú Rouen dúró sí abẹ́ ẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Obìnrin kan ń sunkún. Àwọn oyin pọ̀ débi pé ariwo wọn dà bí ti ẹ̀rọ ìlọta.

Èmi? Mo dúró lókèèrè, mo di ọkọ́ mú. Mo ń ro bí nǹkan yẹn ṣe wúwo tó. Òjò rọ̀ lóru àná, ìdì òdòdó kọ̀ọ̀kan sì ti mu omi yó.

Mo sún mọ́ ọn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Ìgbà tí mo dé ìdí òpó yẹn ni mo gbọ́ ọ, láàárín ariwo oyin: *kẹ́*. Bí ẹni tó ṣẹ́ ìka.

Mo wo òkè. Òdòdó nìkan ni mo rí.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo tètè dé kí oyin tó jí. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi tutù. Kò sí nǹkan kan. Bí mo ṣe yí padà láti máa lọ: *kẹ́*.

Àbí mi ò gbọ́ ọ?

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo sọ fún Firmin. Kò ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ó gbé àkàbà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ẹ̀ wá, ó gun ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan, ó ki orí bọ àárín òdòdó. Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan là ń rí. Mo dijú.

"Kí lẹ rí?"

"Òdòdó ni."

"Lẹ́yìn òdòdó ńkọ́?"

"Òdòdó míì. Oyin kan sì wà níbí tó ń wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó." Ó sọ̀ kalẹ̀. "Mo lè ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀ kí n rí irin o, àmọ́ màá já òdòdó ẹ̀. Tìẹ ni. O ò ṣe gòkè lọ wò ó fúnra ẹ?"

Mo ní ìbàdí ń dùn mí.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí. Ó gbé àkàbà ẹ̀ lọ.

Irọ́ ni mo pa. Ìbàdí mi ò dùn mí rárá lónìí.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sára òpó náà níbi tó ti kan ẹ̀ka, kí n lè mọ̀ bóyá nǹkan kan ń rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ mo padà lọ wò ó. Ìlà náà wà nísàlẹ̀ ẹ̀ka díẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fà á? Mo dúró síbẹ̀ mo ń bá ara mi jiyàn bí aṣiwèrè. Ara ẹ̀ka ò tẹ́jú, pẹ́ńsù náà ò mú. Mi ò gbọ́n tó bí mo ṣe rò.

Nílé wa, Régis ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kọrin sí ìkòkò ọbẹ̀. "Hòóóó," bí màálù. Kò lè gbé ohùn náà sókè, ló bá ń tún un ṣe, ó tún ń tún un ṣe. Mo lọ dúró nínú ọgbà ewébẹ̀ wa títí ó fi parí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Ọjọ́ kejì nínú àwọn Ẹni Mímọ́ Olótùútù, ọjọ́ mẹ́ta tí òtútù máa ń padà wá lóṣù Karùn-ún, wọ́n sì jẹ́ orúkọ wọn. Ìrì dídì funfun lórí koríko láàárọ̀. Gbogbo abúlé ṣì gbé tòmátì wọn sínú ilé. Gílísíìnì ò rí nǹkan kan, omi adágún ń mú kí ibẹ̀ móoru.

Mo lọ bá Ọ̀gá Anquetil nínú yàrá irinṣẹ́. Mo ti múra ohun tí mo máa sọ sílẹ̀ látàná, àmọ́ ẹnu mi yí gbogbo ẹ̀ dànù. Mo ní igi yẹn ti wúwo jù, ọdún méjì ni ò sẹ́ni tó gé e, ó ń fa irin lulẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Mo ní ká gé ẹ̀ka ńlá tó wà lọ́wọ́ adágún kó tó di Ọjọ́ Àìkú.

"Ká gé e? Bó ṣe tanná yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màdáámù Lecoustey, àwọn èèyàn ń ti Japan wá wò ó."

Àmọ́ èèyàn dáadáa ni. Ó bá mi lọ síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó náà mú, ó mì í, ó fi èjìká tì í. Òpó náà ò mira, inú òkúta ni wọ́n rì í sí. Òdòdó díẹ̀ já lé e nírun.

"Irin yìí ti wà níbí kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi," ló wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́ sí i: "Ṣé ẹ̀ ń rí oorun sùn?"

Mo ní mò ń sùn.

"Bí ẹ bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lápá ibòmíì títí òdòdó yẹn fi máa rẹ̀, ẹ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè."

Mi ò bínú sí i. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò ẹ̀, ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Obìnrin kan ṣubú níbì kan, ó padà síbẹ̀ ní àsìkò kan náà, lábẹ́ òdòdó kan náà, ó wá ń gbọ́ ohun tẹ́nì kan ò gbọ́. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀rù lè fi etí èèyàn ṣeré.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: mi ò mọ èyí tó jẹ́ irin mọ́, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ èmi.

Ọjọ́rú, 13

A jà.

"Régis, má dúró sábẹ́ igi yẹn lọ́jọ́ Àìkú."

"Kí n wá dúró síbo?"

"Sílé. Ní kí ọ̀fun máa dùn ẹ́."

"Gbogbo wọn ló máa wà níbẹ̀, Ghislaine. Tó bá máa wó, ṣé èmi nìkan ló máa wó lù ni? Kí Lucette tá a jọ ń kọrin máa kú, kí èmi máa dá mu ọtí wáìnì nílé?"

"Nígbà náà sọ fún gbogbo wọn."

"Kí n sọ pé kí ló ṣẹlẹ̀? Pé ìyàwó mi gbọ́ *kẹ́*?"

Ó kábàámọ̀ bó ṣe sọ ọ́ tán. Ó jókòó, ó fà mí lọ́wọ́. "Bá mi sòótọ́. Ṣé irin yẹn ló ń bà ẹ́ lẹ́rù, àbí ibi tó o ti ṣubú ni?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀."

"Mo ní mi ò mọ̀! Ṣé tí mi ò bá mọ̀, irin á wá dúró dè mí kí n mọ̀ ni?"

Ó lọ sùn. Èmi jókòó pẹ̀lú wàràkàṣì àti búrẹ́dì tí mi ò jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ọjọ́ Ìgòkè re Ọ̀run. Ẹgbẹ́ akọrin wá dánrawò lábẹ́ gílísíìnì. Mo fi ara pamọ́ sínú ilé àwọn ewéko, mo di etí mi méjèèjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Mo tún lọ bá ọ̀gá. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ṣàlàyé kankan. Mo ní tí wọn ò bá gé ẹ̀ka yẹn kó tó di Ọjọ́ Àìkú, èmi fúnra mi máa dúró ní géètì, màá máa sọ fún gbogbo ẹni tó ń wọlé pé kó má dúró síbẹ̀, wọ́n sì lè ní orí mi ti yí.

Ó ń fi àlùmọ́gàjí ẹ̀ kan tábìlì.

"Ẹ̀ka kan ṣoṣo?"

"Èyí tó nípọn jù, lọ́wọ́ adágún. Tó bá fúyẹ́, irin á mí."

"Ó dáa. Lọ́la láàárọ̀, kí géètì tó ṣí." Ó wò mí lójú. "Àmọ́ tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi ayùn kàn án."

Mo mọ̀ pé ó máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń retí pé ó máa gbàgbé ni.

Firmin wá bá mi nídìí ẹ̀rọ kọfí. "Màá di àkàbà mú fún ẹ. Tó o bá fẹ́ já bọ́, ké sí mi kí n kọ́kọ́ bọ́ fìlà mi, tuntun ni."

Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí tí mi ò bá kọ ọ́ báyìí, màá ti yí i padà lọ́kàn mi kó tó di ọ̀la.

Ìkùukùu bo adágún. Oyin ò tíì jí. Ọ̀gá ti gbé àkàbà tiẹ̀ sí apá kan ẹ̀ka náà, Firmin di tèmi mú. Mo fi ẹsẹ̀ lé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, àkàbà náà ń dún lábẹ́ mi. Ọwọ́ Firmin wà lára irin àkàbà, mo ń wo àwọn ọwọ́ yẹn. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì. Mo ń sọ orúkọ ẹbí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè ní nǹkan tí mò ń ṣe. Ìgbà tí orí mi wọ àárín òdòdó, mi ò rí ilẹ̀ mọ́, ìyẹn sì ràn mí lọ́wọ́. Ohun gbogbo di àwọ̀ kan ṣoṣo. Ó tutù. Omi ń kán sí mi lọ́rùn.

Mo fọwọ́ wá ẹ̀ka náà. Ó nípọn ju bí mo ṣe rò lọ, ó tó itan ọkùnrin.

"Ẹ máa gé e, màdáámù," ni ọ̀gá wí.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi rántí. Ayùn wọlé dáadáa, ìyẹ̀fun igi ń já lé mi lápá. Mo ti ń ronú pé mo ti ṣe é, pé ó ti parí, pé Régis lè kọ orin màálù ẹ̀. Ayùn bá dúró.

Mo fà á. Kò wá. Mo tì í. Kò lọ. Ẹnu ibi tí mo ti gé ti pa dé mọ́ ọn.

Tí ẹ̀ka bá so rọ̀, tó o bá gé e, ṣe lẹnu ẹ̀ máa ń là. Kì í pa dé. Ẹ̀ka tó bá ru nǹkan sórí nìkan ló ń pa ẹnu mọ́ ayùn. Mo mọ̀ ọ́n, gbogbo ológbà ló mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo dúró síbẹ̀ mo ń fa ayùn bí òmùgọ̀, ó sì pẹ́ kí n tó bi ara mi léèrè pé kí ló ń rù.

Mo ki ọwọ́ òsì bọ ẹ̀yìn ewé láti wá òpó, kí n lè gbára lé e. Ọwọ́ mi kọjá lọ. Kò sí òpó níbẹ̀. Mo wá a sókè, mo wá a sísàlẹ̀. Nǹkan tó mú kan ìka mi, ó rún bíi bísíkíìtì: ibẹ̀ ni òpó ti parí. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán lókè, lábẹ́ ewé, níbi tójú ò tó. Èyí tí ọ̀gá ń mì nísàlẹ̀, kùkùté ni. Ọ̀pá irin ńlá tó gba òkè kọjá, pẹ̀lú gbogbo òdòdó yẹn, orí ẹ̀ka yìí ló wà. Ẹ̀ka tí wọn ò gé fún ọdún méjì ti gba iṣẹ́ òpó ṣe.

Àti pé mo ti gé e dé àárín.

*Kẹ́.* Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ọ̀pá irin náà sọ̀ kalẹ̀ bí ìwọ̀n ìka kan, ó sì dúró.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ló ń ké bẹ́ẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ gbé ayùn yín kúrò! Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká gé e!"

"Mo mọ̀! Ẹ má gé e! Igi ló gbé irin dúró, irin kọ́ ló gbé igi! Firmin, ẹ kúrò níbẹ̀!"

Ohùn Firmin wá láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nílé oúnjẹ: "Tí mo bá fi í sílẹ̀, ta ló máa dì í mú?"

"Mo ní ẹ kúrò!"

"Sọ̀ kalẹ̀ ná, ká wá jọ kúrò. Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sísàlẹ̀. Ọ̀tún, Ghislaine, òsì nìyẹn."

Mo fi ayùn sílẹ̀ nínú igi. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí bàtà mi fi kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà ló fà mí lápá, a sáré bí àwọn ọmọ tó jí èso. Ọ̀gá ti wà lórí koríko, ojú ẹ̀ funfun bíi wàrà.

Kò wó. Kí n kọ ọ́ dáadáa: kò wó. Wọ́n fi igi óòkù ti ọ̀pá irin náà lábẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n sì ta okùn yí i ká.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà mí gbọ́. Tí wọ́n bá ti gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹlòmíì tó lágbára jù mí lọ sì gé ẹ̀ka yẹn tán kíá, abẹ́ ẹ̀ ni Firmin ì bá wà. Ẹ̀rù mi tọ̀nà, ohun tí ẹ̀rù ní kí n ṣe ni ò tọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Òòrùn ràn. Àwọn akọrin dúró sórí àtẹ̀gùn ilé Bàbá Varoquier. Lucette ń ráhùn pé fọ́tò ò ní dára níbẹ̀. Àwọn àlejò ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn kọjá kí wọ́n lè ya fọ́tò, mo ń lé wọn bí ẹni ń lé adìyẹ. Ọkùnrin kan ní mi ò mọ ẹwà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, alàgbà, ẹ jáde.

Régis bi mí bí orin òun ṣe rí. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Ẹ̀yìn ni mo kọ sí wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òkè ni mò ń wò. Mo ní ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, 21

Àwọn alágbẹ̀dẹ tú irin náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òpó mẹ́ta ló ti rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Òdòdó ti ń rẹ̀, ilẹ̀ funfun, ó tún jẹ́ àwọ̀ àlùkò. A ò lè gbá a tán.

Ọ̀gá Anquetil dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Tí ẹ ò bá sọ..." ló wí. Mo ní, "Tí mo bá gé e tán ńkọ́?"

Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní kí wọ́n má ṣe fi igi kankan pamọ́ de ẹnikẹ́ni mọ́. Tí mo bá tún ṣàìsàn, kí wọ́n gé e. Tí Firmin bá ṣàìsàn, kí wọ́n gé píà ẹ̀.

"Firmin máa pa mí," ni ọ̀gá wí.

"Màá bá a sọ̀rọ̀."

"Láti ayé Bàbá Varoquier la ti ń ṣe é báyìí, màdáámù."

"Láti ayé ẹ̀ náà ni ìpẹtà ti ń jẹ irin."

Ó kiwọ́ bọ àpò. Ó ní òun máa rò ó. Ní ìrọ̀lẹ́, ó rán Firmin sí mi kó wá béèrè bí wọ́n ṣe ń gé gílísíìnì.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Keje

Ooru. Èso sitirọ́bẹ́rì ti wọ́n, yúrò márùn-ún fún agbọ̀n kékeré. Ẹnu ibi tí mo gé ti ń so ara ẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lónìí la gé ẹ̀ka tuntun. Ọ̀gá ní kí èmi àti Firmin máa pín in láti ìsinsìnyí lọ. Firmin dúró nísàlẹ̀ igi náà, kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bàbá àgbà tó ti ń gba ìdí ẹ̀ kọjá láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́! Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó fọwọ́ kàn án, jẹ́jẹ́ ló kàn án, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan ẹṣin tí èèyàn ò mọ̀.

"Ó gbóná," ló wí.

"Òòrùn ni. Ẹ gòkè."

Ó gòkè, mo di àkàbà mú. Mo rò pé ìsàlẹ̀ máa rọrùn fún mi. Irọ́ gbáà ni. Lókè, èèyàn ṣì ní iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe. Nísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan ju irin lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀ arúgbó kan tó ń wọ inú ewé lọ, bàtà ẹ̀ tó ń yẹ̀ díẹ̀, okùn bàtà kan tí ò so dáadáa. Ṣé bí ẹ̀rù ṣe bà á nìyí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó fi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé oúnjẹ? Apá mi ti kú. Òógùn wọ̀ mí lójú, mi ò jẹ́ fi ọwọ́ nù ún.

Ewé ń já bọ̀, lẹ́yìn náà nǹkan kan ò já bọ̀ mọ́.

"Ghislaine? Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."